Lẹ́tà Ṣíṣí sí Akọ̀wé Ìjọba Amẹ́ríkà fún Ọ̀rọ̀ Òṣìṣẹ́: Ẹni Tó Ṣiṣẹ́ ní Ìpínlẹ̀ Méjì Kò Gbọdọ̀ Pàdánù Owó Àìníṣẹ́ Rẹ̀

Sí Akọ̀wé Ìjọba Àpapọ̀ fún Ọ̀rọ̀ Òṣìṣẹ́,
Washington DC.

Ẹ̀yin Ọlọ́lá,

Mo kí yín pẹ̀lú ọ̀wọ̀ tó tọ́ sí ipò yín. Yorùbá ni mo fi kọ lẹ́tà yìí nítorí pé mo fẹ́ kí àwọn ènìyàn mi tí ọ̀rọ̀ yìí ń jẹ níyà gbọ́ ọ bí mo ṣe ń sọ ọ́ fún yín. Ìjọba yín kò ṣe aláìní ògbufọ̀.

Ìwé kan tí ọ́fíìsì owó àìníṣẹ́ ní ìpínlẹ̀ tí mò ń gbé fi ránṣẹ́ sí mi ló bí lẹ́tà yìí. Iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó ni mò ń ṣe. Láàárín ọ̀sẹ̀, mo máa ń sọdá sí ìpínlẹ̀ kejì tó múlé tì wá, níbi tí ilé ìtọ́jú tó gbà mí síṣẹ́ wà. Nígbà tí ọdún ń parí lọ, mo fi iṣẹ́ ẹ́jẹ́ǹsì kan nítòsí ilé kún un, tí mò ń ṣe ní òpin ọ̀sẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ta ilé ìtọ́jú náà, ẹni tó rà á sì dá ọ̀pọ̀ nínú wa dúró. Ẹ́jẹ́ǹsì náà kò ní iṣẹ́ fún mi mọ́. Mo kọ̀wé béèrè owó àìníṣẹ́, èyí tí gbogbo wa níbí ń pè ní unemployment. Èsì tí mo rí gbà ni pé owó tí mo gbà lẹ́nu iṣẹ́ kò tó ohun tí wọ́n lè fi san kọ́bọ̀ fún mi.

Mo tẹ́ ìwé náà sórí tábìlì. Àpótí mẹ́rin ló wà nínú rẹ̀, oṣù mẹ́ta-mẹ́ta ni ọ̀kọ̀ọ̀kan dúró fún. 0.00 ni wọ́n kọ sínú mẹ́ta àkọ́kọ́. Inú ìkẹrin ni owó díẹ̀ tí ẹ́jẹ́ǹsì san fún mi wà. Mo gbé W-2 ilé ìtọ́jú, ìwé tí agbanisíṣẹ́ fi ń ṣàkọsílẹ̀ owó ọdún òṣìṣẹ́ àti owó-orí rẹ̀, sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Gbogbo ọdún tí mo fi ń gbé arúgbó dìde lórí ibùsùn, tí mo fi ń wẹ̀ wọ́n, tí mo fi ń jáde nílé kí ilẹ̀ tó mọ́, ó wà nínú W-2 yẹn pẹ̀lú owó-orí tí wọ́n ti yọ kúrò. Nígbà tí wọ́n ń gba owó-orí, ìjọba rí iṣẹ́ mi. Nígbà tí mo wá béèrè ìrànwọ́, ó di pé n kò ṣe iṣẹ́ kankan láti oṣù kìn-ín-ní títí dé oṣù kẹsàn-án.

Ẹ jẹ́ kí n to ẹ̀sùn mi lẹ́sẹẹsẹ.

1. Wọ́n bi mí, mo sì dá wọn lóhùn. Lórí fọ́ọ̀mù tí mo kún lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n béèrè bóyá mo ṣiṣẹ́ ní ìpínlẹ̀ mìíràn láàárín oṣù 18 tó kọjá. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo kọ orúkọ ilé iṣẹ́ náà, mo kọ àdírẹ́sì rẹ̀, mo kọ ọjọ́ tí mo wọlé àti ọjọ́ tí mo kúrò. Kò sí ẹni tó fi ìdáhùn yẹn ṣe nǹkan kan. Ìwé tí wọ́n fi lé mi padà kò mẹ́nu kan ìpínlẹ̀ kejì rárá. Kò sọ fún mi pé òfin gbà mí láyè láti pa owó ìpínlẹ̀ méjèèjì pọ̀. Ó sọ pé mo lè pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn kí ọjọ́ tí wọ́n dá tó pé, nọ́ḿbà fóònù kan sì wà ní ìsàlẹ̀.

Mo pe nọ́ḿbà náà. Wọ́n ní kí n lọ bi ìpínlẹ̀ tí mo ti ṣiṣẹ́. Ìpínlẹ̀ tí mo ti ṣiṣẹ́ ní n kì í ṣe ará ibẹ̀, kí n padà sí ìpínlẹ̀ tí mò ń gbé. Báyìí ni wọ́n ṣe ń gbá mi síra wọn bíi bọ́ọ̀lù, tí owó ilé sì ń gorí owó ilé. Ọmọ ìjọ wa kan tí irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí rí ló sọ ohun tí ọ́fíìsì méjèèjì kò sọ fún mi. Ó ní kí n béèrè Combined Wage Claim, ìyẹn ìbéèrè àpapọ̀ tí wọ́n fi ń pa owó iṣẹ́ láti ìpínlẹ̀ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ pọ̀. Bí mo ṣe pe orúkọ yẹn lórí fóònù báyìí, ohùn ẹni tó gbé e yí padà, ó ní kí n dúró, ó sì wá fọ́ọ̀mù tó yẹ jáde. Ó mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀. Ó wà lọ́wọ́ wọn tẹ́lẹ̀. Àwọn tí kò ní ọmọ ìjọ tó lè sọ ọ́ fún wọn ńkọ́? Mo mọ àwọn kan nínú wọn. Wọ́n gba irú ìwé tí mo gbà, wọ́n ká a, wọ́n fi í pamọ́, wọ́n sì lọ ń fi ọkọ̀ gbé èrò títí tí iṣẹ́ mìíràn fi yọjú. Ẹ̀tọ́ wọn ti lọ nìyẹn.

2. Òfin yín kò fara mọ́ ohun tí wọ́n ṣe fún mi. Òfin Social Security tí Ààrẹ Franklin Roosevelt fọwọ́ sí ní ọjọ́ 14 oṣù kẹjọ ọdún 1935 ló gbé ètò yìí dé gbogbo orílẹ̀-èdè. Wisconsin ti kọ́kọ́ ṣe tirẹ̀ ní 1932. Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ń ṣe òfin tirẹ̀ lábẹ́ ti ìjọba àpapọ̀, ètò 53 ló sì wà lónìí: ti ìpínlẹ̀ 50, ti Washington DC, ti Puerto Rico àti ti Virgin Islands. Àwọn aṣòfin mọ̀ pé òṣìṣẹ́ kì í so mọ́lẹ̀ sójú kan. Ìdí nìyí tí àtúnṣe tí wọ́n ṣe sí òfin ní 1970 fi sọ ọ́ di dandan fún gbogbo ìpínlẹ̀ láti wà nínú ètò tí wọ́n fi ń pa owó iṣẹ́ pọ̀. Ta ló ń fọwọ́ sí ètò náà? Akọ̀wé fún Ọ̀rọ̀ Òṣìṣẹ́ ni. Ọwọ́ yín ló wà.

Bí ìlànà náà ṣe lọ ní 20 CFR apá 616, nínú ìwé ìlànà ìjọba àpapọ̀, yé ẹnikẹ́ni tó bá kà á. Ìpínlẹ̀ tí òṣìṣẹ́ bá kọ̀wé sí ni yóò san owó fún un, bí ó bá ti ní owó iṣẹ́ níbẹ̀ láàárín sáà tí wọ́n ń ṣírò, tí àpapọ̀ gbogbo owó rẹ̀ sì tó ohun tí òfin ìpínlẹ̀ náà ń fẹ́. Ìpínlẹ̀ yòókù yóò fi àkọsílẹ̀ owó tirẹ̀ ránṣẹ́, yóò sì san ìpín tirẹ̀ padà lẹ́yìn náà. Àárín ìpínlẹ̀ sí ìpínlẹ̀ ni ìṣirò yẹn wà. Kò yẹ kó kan òṣìṣẹ́ tó jókòó sílé.

Ní 616.7, ẹ kọ ọ́ pé bí ìpínlẹ̀ kan bá kọ ìbéèrè àpapọ̀ tí òṣìṣẹ́ mú wá, dandan ni kó sọ fún un pé ó lè kọ̀wé sí ìpínlẹ̀ mìíràn tó ti ṣiṣẹ́. Ìyẹn dára. Ṣùgbọ́n ẹ wo àlàfo tó wà níbẹ̀. Ẹni tó ti béèrè àpapọ̀ nìkan ni gbólóhùn yẹn dáàbò bò. Ẹni tí kò mọ̀ pé irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ wà, tí wọ́n ka owó ìpínlẹ̀ kan ṣoṣo fún, tí wọ́n sì dá padà, kò sí nínú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ òun gan-an ló nílò àlàyé jù lọ. Inú àlàfo yẹn ni mo ṣubú sí.

3. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n san owó lórí mi. Owó-orí àìníṣẹ́ ti ìjọba àpapọ̀ jẹ́ ìdá 6 nínú ọgọ́rùn-ún lórí $7,000 àkọ́kọ́ tí agbanisíṣẹ́ bá san fún òṣìṣẹ́ lọ́dún. Ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀, bí agbanisíṣẹ́ bá ti san ti ìpínlẹ̀ rẹ̀ lásìkò, wọ́n á dín in kù dé ìdá 0.6 nínú ọgọ́rùn-ún, ìyẹn $42 lórí òṣìṣẹ́ kan. Láti 1983 ni $7,000 yẹn ti wà bẹ́ẹ̀. Agbanisíṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló sì ń san tirẹ̀ lọ́tọ̀, kò kàn án bóyá ẹlòmíràn ti san lórí òṣìṣẹ́ kan náà. Ẹni tó ṣiṣẹ́ fún ilé iṣẹ́ méjì ní ìpínlẹ̀ méjì, ẹ̀ẹ̀mejì ni owó wọ àpò yín lórí rẹ̀. Owó yìí sì ni ẹ fi ń gbọ́ bùkátà àwọn ọ́fíìsì owó àìníṣẹ́ káàkiri ìpínlẹ̀. Ní Alaska, New Jersey àti Pennsylvania, wọ́n tún máa ń yọ lára owó òṣìṣẹ́ fúnra rẹ̀ sí i. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe pè é ní sàráà.

4. Ìpínlẹ̀ tí ènìyàn bá kọ̀wé sí ló ń pinnu iye tí yóò gbà, kò sì sẹ́ni tó ń sọ ìyẹn fún òṣìṣẹ́. Òfin ìpínlẹ̀ tó ń sanwó ni wọ́n fi ń ṣírò gbogbo owó tí wọ́n pa pọ̀. Ní ọdún 2025, iye tó ga jù tí New Jersey lè san lọ́sẹ̀ jẹ́ $875, fún ọ̀sẹ̀ 26. Ti Maryland jẹ́ $430, fún ọ̀sẹ̀ 26 bákan náà. Florida kò lè san ju $275 lọ, ọ̀sẹ̀ 12 péré ni. Ẹ jẹ́ ká mú òṣìṣẹ́ kan tó ṣiṣẹ́ ní Florida àti New Jersey láàárín ọdún kan náà. Bí ó bá kọ̀wé sí Florida, tó sì gba èyí tó ga jù, $3,300 ni gbogbo rẹ̀. Ní New Jersey, èyí tó ga jù jẹ́ $22,750. Mo mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo ènìyàn ló ń gba èyí tó ga jù. Síbẹ̀, ta ló yẹ kó fi àlàfo tó tó báyìí pa mọ́ fún ẹni tí iṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀?

Nígbà tí ó bá sì ti yàn, kò rọrùn láti yí i padà. Ó lè fa ìbéèrè àpapọ̀ náà sẹ́yìn, ṣùgbọ́n kí ọjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn tó kọjá ni, ó sì gbọ́dọ̀ dá owó tó ti gbà padà tàbí kó gbà kí wọ́n yọ ọ́ nínú èyí tó kù. Kò lè ṣa èyí tó wù ú nínú àwọn ìpínlẹ̀ tó ti ṣiṣẹ́ kó fi ìyókù sílẹ̀. Bó bá ti ń pa á pọ̀, gbogbo rẹ̀ ni yóò pa pọ̀. Ọ̀rọ̀ tó wúwo tó báyìí, ó yẹ kí ènìyàn rí iye méjèèjì lójú kó tó fọwọ́ sí i.

5. Ọ̀pọ̀ wa kò mọ ìpínlẹ̀ tó ni owó wa. Ẹni tó ń gbé ní Maryland tó sì ń ṣiṣẹ́ ní Washington DC, Maryland ló ń san owó-orí fún, nítorí DC kì í gba owó-orí lórí owó iṣẹ́ ẹni tí kò gbé ibẹ̀. Ó fi ọkàn sí i pé Maryland náà ni yóò san owó àìníṣẹ́ fún òun. Rárá o, DC ni agbanisíṣẹ́ rẹ̀ ń san owó àìníṣẹ́ sí. New Jersey àti Pennsylvania náà ní irú àdéhùn owó-orí bẹ́ẹ̀ láàárín ara wọn, ó sì ń da orí àwọn ènìyàn rú lọ́nà kan náà. Ti àwọn awakọ̀ tírélà tún yàtọ̀: wọ́n lè la ìpínlẹ̀ mẹ́wàá kọjá lọ́sẹ̀ kan, kí gbogbo owó wọn sì wà lábẹ́ ìpínlẹ̀ kan ṣoṣo. Ibi tí iṣẹ́ fìdí sí ni wọ́n ń kọ́kọ́ wò. Bí kò bá sí, wọ́n á wo ibi tí awakọ̀ ti ń gbéra, lẹ́yìn náà ibi tí àṣẹ ti ń wá, ibi tó ń gbé ló kẹ́yìn. Gbogbo èyí wà lákọsílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba. Kí ló ní kí wọ́n má kọ ọ́ sí iwájú fọ́ọ̀mù ní èdè tó yé ènìyàn?

Àwọn kan wà tí ẹ́jẹ́ǹsì ń san owó fún lórí fọ́ọ̀mù 1099, tí kì í ṣe W-2, bí ẹni pé wọ́n jẹ́ ọ̀gá ara wọn, nígbà tó jẹ́ pé ẹ́jẹ́ǹsì ló ń sọ ibi tí wọ́n á lọ àti aago tí wọ́n á dé. Owó irú wọn kì í sí nínú àkọsílẹ̀ ìpínlẹ̀ kankan. Ìyẹn tó lẹ́tà mìíràn fún ara rẹ̀.

6. Àkókò tí ẹ ń fi ṣòfò jẹ́ owó lọ́wọ́ wa. Òfin sọ pé kí ìpínlẹ̀ san owó yìí nígbà tó bá tọ́ láti san án. Ní 1971, nínú ẹjọ́ tí wọ́n ń pè ní Java, èyí tó wá láti California, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ sọ pé ìpínlẹ̀ kò gbọdọ̀ dá owó dúró nítorí pé agbanisíṣẹ́ pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, nítorí pé ẹni tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nílò owó náà kíákíá. Ẹ wá wo ìlànà tiyín ní 20 CFR 640.5. Fún ẹni tó béèrè owó nínú ìpínlẹ̀ tó ń gbé, ẹ ní kí ìdá 87 nínú ọgọ́rùn-ún rí owó àkọ́kọ́ wọn láàárín ọjọ́ 14 tàbí 21. Fún ẹni tó ń gbé ní ìpínlẹ̀ kan tó ń béèrè lọ́wọ́ ìpínlẹ̀ mìíràn, ẹ sọ ọ́ di ìdá 70. Láti 1978 ni ìwọ̀n méjèèjì ti wà bẹ́ẹ̀, nígbà tí ìwé ṣì ń gba ilé ìfìwéránṣẹ́ kọjá. Lónìí kọ̀ǹpútà ni àwọn ìpínlẹ̀ fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Kí ló dé tí ẹni tó sọdá ààlà lọ ṣiṣẹ́ fi gbọ́dọ̀ dúró pẹ́ jù?

Ìdúró yẹn lè dín owó ènìyàn kù pátápátá. Ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀, wọ́n á pín ọdún sí oṣù mẹ́ta-mẹ́ta, wọ́n á mú ìpín márùn-ún tó parí kẹ́yìn, wọ́n á sì ka mẹ́rin àkọ́kọ́ nínú wọn. Ẹni tó kọ̀wé ní oṣù kẹfà 2025, oṣù kìn-ín-ní sí oṣù kejìlá 2024 ni wọ́n á wò fún un. Bí ìpínlẹ̀ méjì bá ń ti ẹni náà síra wọn títí ó fi di oṣù keje kó tó rí fọ́ọ̀mù tó tọ́ kún, oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ 2024 ti bọ́ kúrò nínú ìṣirò. Bí ó bá jẹ́ inú oṣù mẹ́ta yẹn ló ti ṣiṣẹ́ jù, ó ti pàdánù nítorí ìjáfara tí kì í ṣe tirẹ̀.

7. Ohun tí mò ń béèrè lọ́wọ́ yín nìyí, gbogbo rẹ̀ sì wà nínú agbára ipò yín.

Àkọ́kọ́, ẹnikẹ́ni tó bá sọ lórí fọ́ọ̀mù pé òun ṣiṣẹ́ ní ìpínlẹ̀ mìíràn, kí ìpínlẹ̀ tó gba fọ́ọ̀mù náà fúnra rẹ̀ béèrè àkọsílẹ̀ owó yòókù kó tó kọ ìwé pé owó kò tó. Kí ẹ fi èyí sínú apá 616 ní kedere.

Èkejì, gbogbo ìwé tó bá sọ pé owó kò tó gbọ́dọ̀ sọ ní ojú ewé àkọ́kọ́ pé ẹ̀tọ́ wà láti pa owó pọ̀, kó sì dárúkọ Combined Wage Claim, bóyá òṣìṣẹ́ béèrè tàbí kò béèrè.

Ẹ̀kẹta, kí wọ́n fi iye tí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan tó ti ṣiṣẹ́ máa san hàn án, pẹ̀lú iye ọ̀sẹ̀, kó tó yàn. Àwọn òfin wọn kì í ṣe àṣírí; kọ̀ǹpútà lè ṣírò rẹ̀ níṣẹ̀ẹ́jú kan.

Ẹ̀kẹrin, ọjọ́ tí òṣìṣẹ́ kọ́kọ́ kọ̀wé sí ìpínlẹ̀ èyíkéyìí ni kí wọ́n máa lò fún ìbéèrè àpapọ̀ rẹ̀, kí ìjáfara ọ́fíìsì má baà yí sáà ìṣirò rẹ̀ padà.

Ẹ̀karùn-ún, ìlànà yín sọ pé kí ìpínlẹ̀ yòókù tètè fi àkọsílẹ̀ ránṣẹ́. Tètè kò tó. Ẹ dá ọjọ́ fún un, kí ẹ sì máa gbé orúkọ ìpínlẹ̀ tí kò bá pa á mọ́ jáde. Bí owó ìpínlẹ̀ kan ṣoṣo bá ti tó fún nǹkan díẹ̀, kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í san án, kí wọ́n ṣe àfikún nígbà tí ìyókù bá dé.

Ẹ̀kẹfà, Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọ Ìlú ọdún 1964 kò gbà kí ẹnikẹ́ni pàdánù ìrànwọ́ ìjọba nítorí orílẹ̀-èdè tó ti wá. Ní Houston, ní Maryland, ní New Jersey, ní Chicago, ní Atlanta, àwọn ọmọ Yorùbá pọ̀ lẹ́nu iṣẹ́ ìtọ́jú àti ní ilé ìkẹ́rùsí. Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n fi ń kọ àwọn ìwé yìí, ẹni tó gboyè ní yunifásítì gan-an yóò kà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ẹ jẹ́ kí wọ́n tẹ àlàyé nípa ìpínlẹ̀ méjì ní èdè wa àti ní èdè àwọn òṣìṣẹ́ mìíràn.

Ẹ̀yin ará mi tí ẹ ń kà á, bí irú ìwé yẹn bá wà lọ́wọ́ yín, ẹ wo ọjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn tó wà nínú rẹ̀, ẹ má jẹ́ kó kọjá. Ẹ kó W-2 àti ìwé owó iṣẹ́ yín láti ìpínlẹ̀ méjèèjì jọ, kí ẹ sì dárúkọ Combined Wage Claim fún ẹni tó bá gbé fóònù. Bí wọ́n bá ní kí ẹ lọ sí ìpínlẹ̀ kejì, ẹ béèrè pé kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ fún yín.

Ẹ̀yin Ọlọ́lá, ìwé tí mo fi pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ti wà lọ́dọ̀ ìpínlẹ̀ tí mò ń gbé, mo sì ti fi ẹ̀dà lẹ́tà yìí ránṣẹ́ sí aṣòfin tó ń ṣojú àgbègbè wa ní Washington. Èsì tí mo fẹ́ gbà lọ́wọ́ yín ni èyí tí ẹ kọ sílẹ̀, tí ẹ dáhùn àwọn ìbéèrè mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan: èyí tí ẹ máa ṣe, ìgbà tí ẹ máa ṣe é, àti èyí tí ẹ kò ní í ṣe pẹ̀lú ìdí rẹ̀.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Òṣìṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó kan, ọmọ Yorùbá ní Amẹ́ríkà.